Páálí, ìwé àti tákàdá alábọ̀: bí mo ṣe tún áàpù àdìrẹ ṣe ní Ìtòkú

Ọjọ́bọ̀ kan lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Oníbàárà kan ti Èkó wá. Ó fẹ́ ṣe òkú ìyá rẹ̀, àdìrẹ ló sì fẹ́ dá ní aṣọ ẹbí. Ọgọ́ta ènìyàn ni: obìnrin yáàdì márùn-ún-márùn-ún, ọkùnrin mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹlẹ́kọ aláró ni tàwọn ọmọ olóògbé, kámpálà aláwọ̀ ewé ni tàwọn àna. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni Màmá ń tẹ̀ ẹ́ sórí áàpù tí mo kọ fún wọn. Wọ́n ná owó, oníbàárà pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù kó lè mọ iye ọkùnrin gan-an, wọ́n tún padà sórí owó. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú kí ẹnu tó kò. Màmá tẹ bọ́tìnì "Fi pamọ́". Ojú ìwé tó ń béèrè orúkọ àti password ló jáde. Nígbà tí Màmá wọlé padà, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n ti kọ.

Wọn ò pariwo. Wọ́n fa ìwé wọn yọ lábẹ́ tábìlì, wọ́n bẹ oníbàárà pé kó jọ̀ọ́ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí obìnrin náà lọ tán ni wọ́n yíjú sí mi, nítorí mo jókòó níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, látìgbà tí mo ti ń taṣọ, ìwé mi ò gbàgbé oníbàárà lójú ara rẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ohun tí mo ṣe láti ọjọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, àti èyí tó yọrí sí rere àti èyí tí mo ní láti tú palẹ̀.

Áàpù náà kò tóbi. PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi kọ ọ́, database tó ń jẹ́ MySQL ló ń tọ́jú dátà rẹ̀, orí server (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn fóònù lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí èmi àti àwọn ẹlòmíràn jọ ń háyà ló wà. Ẹni tó ń ta àdìrẹ lè ṣí iṣẹ́ tuntun níbẹ̀: orúkọ oníbàárà, irú àdìrẹ, iye yáàdì, àsansílẹ̀, ọjọ́ tí yóò wá gbé e, iye tó kù nílẹ̀. Màmá ń lò ó, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn méjì ń lò ó, àwọn ìyá mẹ́rin mìíràn lórí ìlà ìsọ̀ kan náà sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ọjọ́ Ẹtì: wíwá ibi tó ti ń jò

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé àìsàn náà kì í ṣe é ní gbogbo ìgbà. Mo ṣí fọ́ọ̀mù, mo fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo tẹ bọ́tìnì, ó fi pamọ́. Mo tún un ṣe, ó tún fi pamọ́. Ìgbà kẹfà ló tó lé mi síta.

Inú PHP fúnra rẹ̀ ni mo ti rí àlàyé rẹ̀. Bí ènìyàn bá wọlé, PHP á fún un ní nọ́ńbà gígùn kan tí ẹnikẹ́ni ò lè ro tẹ́lẹ̀. Á fi nọ́ńbà náà sínú kúkì (ọ̀rọ̀ kékeré tí browser ń tọ́jú fún server) tó ń jẹ́ PHPSESSID, á sì ṣí fáìlì kan lórí server tí orúkọ rẹ̀ fi sess_ bẹ̀rẹ̀. Inú fáìlì yẹn ló kọ ọ́ sí pé ẹni báyìí ló ni nọ́ńbà báyìí. Òun ni wọ́n ń pè ní session. Bí ìṣẹ́jú àáyá 1440 bá kọjá, ìyẹn ìṣẹ́jú 24, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan fáìlì náà, ó ti di ìdọ̀tí lójú PHP. Ṣùgbọ́n PHP kì í gbálẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, bí ìgbà ọgọ́rùn-ún bá wà tí session bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń mú ìgbálẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dán an wò lẹ́ẹ̀marùn-ún tí n kò rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ ojú oníbàárà ti Èkó ló ti ṣẹlẹ̀.

Ìṣẹ́jú 24. N kò tíì rí ẹni tó ná ọjà aṣọ ẹbí ọgọ́ta ènìyàn tán ní ìṣẹ́jú 24 ní Ìtòkú. Ẹni tó yan iye yẹn kò ṣe àṣìṣe, èmi tí mo gbà á láìbéèrè ni mo ṣe é.

Mo gbé 1440 lọ sí 43200, ìyẹn wákàtí méjìlá. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn pè mí pé áàpù tún ti lé òun síta láàárín iṣẹ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Inú àpótí kan náà ni gbogbo àwa tí a jọ háyà server yẹn ń kó fáìlì session sí. Bí áàpù méjì bá ń lo àpótí kan, tí ọ̀kan ní wákàtí méjìlá, tí èkejì ní ìṣẹ́jú 24, èyí tí àkókò rẹ̀ kúrú jù ni yóò máa gbá ti gbogbo wọn dànù. Ìgbálẹ̀ aládùúgbò ló ń gbá ẹrù Màmá. Mo ṣí àpótí tèmi lọ́tọ̀, mo darí PHP síbẹ̀, lílé síta sì dáwọ́ dúró.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò gbà pé iṣẹ́ ti parí. Mo jókòó ti Màmá ní ọjọ́ kejì, mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo fóònù. Wọ́n ń kọ iṣẹ́ kan lọ́wọ́, wọ́n jáde lọ ya àwòrán batànì tí oníbàárà mú wá, wọ́n dáhùn ìpè kan, wọ́n padà sórí browser. Fóònù náà kò ní mẹ́mórì púpọ̀, ó ti pa ojú ìwé náà láti ráyè fún kámẹ́rà. Ó tún un ṣí, òfìfo ló ṣí. Màmá ò tíì jáde kúrò nínú áàpù o, session wọn wà láàyè, server mọ̀ wọ́n dáadáa. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ ni kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé nǹkan méjì ni mo ti ń pè ní nǹkan kan. Mímọ ẹni tó wọlé jẹ́ ọ̀tọ̀, rírántí ohun tí ẹni náà ń ṣe lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀tọ̀. Ilẹ̀kùn ni mo ti ń tún ṣe láti ọjọ́ yìí, òrùlé ló ń jò.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ìdí kúkì

HTTP, tí browser àti server fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ń ta omi tútù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pánṣẹ́kẹ́ ló rí: ó fún ọ lómi, o sanwó, ó ti kọjú sí mọ́tò tó kàn. Bí o bá tún nawọ́ pè é ní ìṣẹ́jú méjì sí i, àlejò lo jẹ́ lójú rẹ̀.

Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe browser nígbà náà, ló gbé kúkì dé ní ọdún 1994 láti wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tó mú un wá gan-an dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kà á. Ilé iṣẹ́ MCI ń kọ ètò ìtajà kan, wọn ò sì fẹ́ kí server tiwọn máa gbé ẹrù ọjà tí oníbàárà kò tíì rà tán. Wọ́n fẹ́ kó wà lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà fúnra rẹ̀. Ọjà tí a kò tíì ná tán, ta ni yóò gbé e dání? Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ní 1994 nìyẹn, òun náà ló wà níwájú mi ní Ìtòkú.

Kúkì kò lè gba ohun púpọ̀. RFC 6265, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2011, ní kí browser gba ó kéré tán báìtì 4096 fún kúkì kan, ọ̀pọ̀ browser kì í sì í gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí browser bá ní ohun tó fẹ́ bi server ni ó ń ru kúkì yẹn lọ. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fa ẹsẹ̀ láàárín ọ̀sán ọjọ́ ọjà, n kò lè kó iṣẹ́ ọgọ́ta ènìyàn sínú ohun tí a ń rù lọ rù bọ̀ báyẹn.

Ìmọ̀ràn tí mo gbà, tí mo sì tú palẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ kóòdù ní Ìbarà sọ fún mi pé ohun àtijọ́ ni session. Ó ní kí n fún òǹlò kọ̀ọ̀kan ní JWT, kí n kó òun àti iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ sínú localStorage, àpótí kékeré tí ojú ìwé ní nínú browser, kí server sinmi. JWT jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí server ti buwọ́ lù, RFC 7519 ti ọdún 2015 ló ṣàlàyé rẹ̀. Bí mo bá rí i, mo kàn ń wo òǹtẹ̀ mi lára rẹ̀ ni, n kò ní láti ṣí ìwé kankan wò. Ó dùn ún gbọ́. Mo fi ọjọ́ méjì kọ ọ́, mo gbé e sí fóònù àwọn ọmọ iṣẹ́ láti dán an wò.

Nǹkan méjì ló mú mi tú u.

Èkíní, mo rántí pé àyè kan wà nínú áàpù tí a ti lè kọ àkíyèsí sí, bí "aró ẹ̀ẹ̀mejì" tàbí "kó má pọ̀n jù". Mo kọ ìlà kóòdù kékeré kan síbẹ̀ dípò àkíyèsí, mo fi pamọ́, mo sì ṣí iṣẹ́ náà lórí fóònù mìíràn. Kóòdù náà ṣiṣẹ́. Mo ti gbàgbé láti fi htmlspecialchars, irinṣẹ́ PHP tó ń sọ kóòdù di ọ̀rọ̀ lásán, sọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Gbogbo ohun tó wà nínú localStorage, kóòdù yòówù tó bá ti wọ ojú ìwé lè kà á, ó sì lè fi ránṣẹ́ síbi tó bá wù ú. Mo dí ihò náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè búra pé kò sí òmíràn. Kúkì tí a bá fi àmì HttpOnly sí, kóòdù ojú ìwé kò lè rí i. Òótọ́ ni pé olè tó bá wọ ojú ìwé ṣì lè fi orúkọ Màmá ṣe nǹkan níwọ̀n ìgbà tí ojú ìwé náà bá wà ní ṣíṣí. Àmọ́ kò lè gbé kọ́kọ́rọ́ náà lọ sílé kó wá máa padà wá lóru.

Èkejì ló dùn mí jù. Ní Láfẹ́nwá, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ nígbà tó ń wá mọ́tò. Màmá pè mí ní ìrọ̀lẹ́: "Jọ̀ọ́, bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn kí wọ́n má ráyè wo gbèsè àwọn èèyàn mi." Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wò ó títí, n kò mọ ibi tí màá tì. Ìwé ẹ̀rí tó wà nínú fóònù yẹn ṣì ní ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láti lò. Òǹtẹ̀ mi wà lára rẹ̀, server á gbà á. Àfi kí n yí kọ́kọ́rọ́ òǹtẹ̀ padà, kí n sì lé gbogbo wọn síta pọ̀, tàbí kí n ṣí ìwé kan sínú database tí màá máa kọ àwọn tí n kò gbà mọ́ sí, kí server sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà. Bí mo bá sì ṣe ìyẹn, session náà ni mo padà dé, ọ̀nà jíjìn ni mo kàn gbà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ padà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo lé gbogbo wọn síta. Ní àárọ̀, mo yọ JWT kúrò.

N kò sọ pé JWT kò dára. Bí server kan bá ní ohun tó fẹ́ jẹ́rìí sí níwájú server mìíràn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó wúlò púpọ̀. Ìsọ̀ tí fóònù rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ olè nígbàkígbà ni kò bá mu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ohun tí Màmá ń ṣe kí áàpù tó dé

Mo fi kọ̀ǹpútà sílé lọ́jọ́ náà, mo lọ jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo fẹ́ wò ni ibi tí Màmá ń kọ nǹkan sí.

Nígbà tí wọ́n bá ń ná ọjà lọ́wọ́, orí páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, èyíkéyìí tó bá wà nítòsí. Wọ́n ń kọ, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n ń kọ òmíràn lé e. Kò sí ẹlòmíràn tó lè kà á. Bí ẹnu bá ti kò, tí àsansílẹ̀ sì ti wọ ọwọ́, wọ́n á da ọ̀rọ̀ páálí náà kọ sínú ìwé, wọ́n á sì sọ páálí nù. Ìwé náà kì í sùn sí ìsọ̀, inú báàgì Màmá ló ń bá wọn lọ sílé. Wọ́n á wá ya tákàdá kan sí méjì, wọ́n á fún oníbàárà ní àbọ̀ kan, àbọ̀ kejì á wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá mú àbọ̀ tó bá ti Màmá ṣe rẹ́gí wá ló ni aṣọ. Bí oníbàárà bá wá sọ pé tòun ti sọnù, Màmá á fa tiwọn ya, á sì kọ òmíràn fún un. Lára aṣọ tó ń lọ sọ́dọ̀ aláró, wọ́n á so ìwé pélébé kan mọ́ ọn: "Olókun, yáàdì márùn-ún, aró ẹ̀ẹ̀mejì." Ẹnikẹ́ni ló lè ka èyí, kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí owó níbẹ̀.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kì í fi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní: "Ìwé mi ò gbọdọ̀ dọ̀tí. Ohun tí mo bá rí nínú ìwé, owó ni. Tí mo bá ń kọ ohun tí wọn ò tíì gbà sínú ẹ̀, màá lọ máa sin gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò jẹ mí."

Mo délé, mo kọ gbogbo ohun tí áàpù mi gbọ́dọ̀ rántí sílẹ̀, mo sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí èyí bá sọnù lóru òní, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí ojú ẹlòmíràn bá tó o, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí mo bá fẹ́ fagi lé e láti ibi tí mo wà, ǹjẹ́ ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe? Kí n tó débẹ̀, ohun tí mo ti ń bi ara mi ni èwo nínú localStorage, kúkì tàbí session ló dára jù. Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn, nítorí páálí kò dára ju ìwé lọ, ìwé ò sì dára ju páálí lọ.

Títún un kọ́

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí tákàdá alábọ̀, ìyẹn session. Session kúrò nínú fáìlì, ó di tábìlì kan nínú MySQL. Bí ènìyàn bá wọlé, mo ń fún un ní nọ́ńbà tuntun oníbáìtì 32. Nọ́ńbà tó ní kó tó wọlé kò wúlò mọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè fi èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dẹ pàkúté fún un. Nọ́ńbà yẹn wà nínú kúkì pẹ̀lú àmì HttpOnly, Secure (kó gba ọ̀nà tó ní ààbò nìkan) àti SameSite=Lax (tó ń sọ ìgbà tí kúkì lè bá ẹni tó gba orí ojú ìwé ẹlòmíràn wá wọlé). Nínú database, n kò tọ́jú nọ́ńbà náà gan-an. SHA-256 ni mo fi ń lọ̀ ọ́ kúnná kí n tó kọ ọ́ síbẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ẹnìkan bá jí tábìlì náà gbé, ata lílọ̀ ló gbé, kò lè kó o jọ padà. Mo fi ojú ìwé kan kún un tí Màmá ti lè rí gbogbo fóònù tó wà nínú áàpù lórúkọ ìsọ̀ wọn, pẹ̀lú bọ́tìnì "Lé fóònù yìí síta". Mo kọ́kọ́ lo Strict dípò Lax, ṣùgbọ́n Strict kì í jẹ́ kí kúkì bá ènìyàn wọlé bó bá gba orí ojú ìwé ẹlòmíràn wá, ó wá ń dà bí ẹni pé a kò mọ̀ wọ́n rí.

Ẹnìkan bi mí bóyá mi ò ní lo Redis, database mìíràn tó yára. Ìsọ̀ márùn-ún ni, MySQL tó.

Iṣẹ́ tó gbà mí lákòókò jù ni páálí, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹnu kò tíì kò lé lórí. Orúkọ yẹn gan-an ni mo sọ ọ́ nínú kóòdù, paali, nítorí mo fẹ́ kí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn mi mọ̀ pé kì í ṣe ìwé. localStorage ni mo kọ́kọ́ fi ṣe é, ó sì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́nà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbà, kì í gba àwòrán bí àwòrán, báìtì mílíọ̀nù márùn-ún tàbí bẹ́ẹ̀ náà sì ni ààyè rẹ̀, àwòrán batànì mélòó kan ti kún un. Bí ó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀, ojú ìwé á dúró dè é, lórí fóònù tí agbára rẹ̀ kéré ènìyàn ń rí i. Ẹ̀kẹta, fóònù kan náà ni Màmá àti ọmọ iṣẹ́ ń pín lò ní ìsọ̀: iṣẹ́ tí ọmọ náà ń kọ ni Màmá ṣí, wọ́n rò pé tàwọn ni, wọ́n kọ oníbàárà tiwọn lé e lórí.

Mo kó o lọ sínú IndexedDB, àpótí mìíràn nínú browser. Ó ń gba àwòrán, ààyè rẹ̀ pọ̀ dáadáa, kì í sì í dá ojú ìwé dúró. Páálí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí crypto.randomUUID ṣe fún un látorí fóònù, mo sì so ó mọ́ ẹni tó ń kọ ọ́, kí ti ọmọ iṣẹ́ má lè yọjú sí Màmá. Bí ìka bá ti sinmi fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó ti fi pamọ́. Ó tún ń fi pamọ́ nígbà tí ojú ìwé bá fẹ́ lọ sẹ́yìn, lórí ìkéde tó ń jẹ́ visibilitychange. Ẹ má gbára lé unload, ìkéde pé ojú ìwé ń kógbá wọlé, lórí fóònù. Bí fóònù bá fẹ́ pa ojú ìwé láti wá mẹ́mórì, kì í kí i pé ó dàbọ̀.

Mo rò pé ó tán. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn ń lo iPhone. Ó fi páálí kan sílẹ̀, ìnáwó gbé e lọ sí ìlú ọkọ rẹ̀, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé. Páálí ò sí mọ́. Láti ọdún 2020 ni Safari ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ènìyàn bá lo Safari fún ọjọ́ méje láì fọwọ́ kan ojú ìwé kan, ohun tí kóòdù ojú ìwé náà ti tọ́jú sínú browser á di gbígbá dànù, IndexedDB àti localStorage pọ̀. Àwọn tó ń tọpa ènìyàn kiri íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi lé, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó yé mi pé ayálégbé ni mo jẹ́ nínú browser, n kì í ṣe onílé. Láti ọjọ́ náà, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà, ẹ̀dà páálí á máa lọ sórí server pẹ̀lú, sínú tábìlì tirẹ̀ tí kò bá ti ìwé pàdé. Ti orí fóònù wà fún ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ti orí server wà fún ìgbà tí fóònù bá lọ.

Ìwé ńkọ́? Iṣẹ́ tí ẹnu ti kò lé lórí, àsansílẹ̀, gbèsè, database nìkan ni ilé wọn, àfi ibẹ̀ nìkan. Ohun kan ló kù tó ń dà á rú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fa ẹsẹ̀, Màmá á tẹ "Fi pamọ́", wọ́n ò ní rí ìdáhùn, wọ́n á tún un tẹ̀, gbèsè oníbàárà á di ìlọ́po méjì. Nọ́ńbà páálí ló yanjú èyí náà. Òun ló ń di nọ́ńbà iṣẹ́ náà nínú ìwé, mo sì sọ fún MySQL pé nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí Màmá bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, iṣẹ́ kan náà ni.

Ìwé pélébé tó ń tẹ̀lé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aláró di àdírẹ́sì ojú ìwé. Irú àdìrẹ tí a fẹ́ wò, ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ wò, ojú ìwé kejì tàbí ẹ̀kẹta, gbogbo ìwọ̀nyẹn wà nínú URL báyìí. Màmá lè fi ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ lórí WhatsApp, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì á sì rí. Ohun tí kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ láé ni nọ́ńbà session, nítorí ẹni tó bá gba àdírẹ́sì yẹn ti gba àbọ̀ tákàdá. Bí lẹ́tà ṣe tóbi tó àti bóyá Yorùbá ni a fẹ́ kà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, localStorage ni mo fi wọ́n sí. Bí wọ́n bá sọnù, ẹnikẹ́ni ò ní sunkún.

Ìdánwò

Mo ṣe é ní ìsọ̀, n kò ṣe é nínú yàrá mi. Mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù láàárín iṣẹ́. Mo fipá pa browser. Mo ṣí iṣẹ́ kan nínú táàbù méjì, mo ń kọ sí méjèèjì. Mo lé fóònù tèmi síta láti orí fóònù Màmá, mo sì rí i pé ohun tó kàn tí mo tẹ̀, ojú ìwé password ló gbé mi dé. Táàbù méjì ni kò yege: èyí tó fi pamọ́ kẹ́yìn ń pa ti ìṣáájú rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi nọ́ńbà ẹ̀dà sí orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé bí ẹ̀dà tí o ń tún ṣe bá ti di ti àná, áàpù á fi méjèèjì hàn ọ́ kó o yan.

Iṣẹ́ kan ń bẹ níwájú mi síbẹ̀. Páálí tó wà lórí fóònù ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà nínú. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà, ó sì ti sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tó bá kó irú ohun bẹ́ẹ̀ jọ láti dáàbò bò ó. Kí òfin tó dé pàápàá, àṣírí àwọn èèyàn Màmá ni. Bí ènìyàn bá jáde kúrò nínú áàpù, server ń fi àṣẹ kan tó ń jẹ́ Clear-Site-Data ránṣẹ́ báyìí, browser á sì palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Fóònù tí wọ́n jí, tí wọn ò sì tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ́, ni n kò tíì rí ọwọ́ mi tó. Ohun tí mo ń kọ lọ́wọ́ ni kí nọ́ńbà oníbàárà má dúró sórí fóònù rárá, kó jẹ́ orí server nìkan ni yóò lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan wá dá aṣọ ìgbéyàwó. Wọ́n ti dé ìdajì nígbà tí bátìrì fóònù Màmá kú, iná ò sì sí ní gbogbo Ìtòkú láti àárọ̀. Mo dìde, mo ti ń wá ohun tí màá sọ. Màmá na ọwọ́ gba fóònù ọmọ iṣẹ́, wọ́n wọlé, páálí wà níbẹ̀, orí ìlà kámpálà tí wọ́n ti dúró ló ṣí sí. Wọ́n bi oníbàárà pé, "Ẹ ní ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó á pupa díẹ̀, àbí?" wọ́n sì ń bá ọjà lọ.

Wọ́n ṣì ń kọ ìwé wọn o, n kò sì sọ pé kí wọ́n má kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, wọ́n fi ìka tọ yáàdì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. 180 ló wà nínú ìwé, 180 ló wà lórí fóònù. Wọ́n ki ìwé bọ báàgì, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé tábìlì wọlé.